Ẹ wo bí mo ṣe ta ọmọ tó yẹ kó gbé mi dókè!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o. Ọmọ kan wà lọ́wọ́ mi, ọmọ ọdún 18 ni, ó ga bí igi àgbọn, kì í jalè, kì í mutí, kò sì fìgbà kan bá mi fa wàhálà rí. Mo tà á. Kì í ṣe pé ebi ń pa mí, ìkánjú ló ṣe mí. Ẹ má tíì ké sí ọlọ́pàá o, torí pé ọmọ náà kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran ara. Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, básíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n, niṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbámọ̀ tí mo kó níbẹ̀, àbámọ̀ gidi ni.

Eré kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní BuzzerBeater. Ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí táwọn ọmọdé máa ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí tí àtàǹpàkò wọn á fi máa ro wọ́n. Níbí yìí, ẹ ò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá. Ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n á fi yín ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa ra agbábọ́ọ̀lù, ẹ̀yin lẹ máa tà á, ẹ̀yin lẹ máa sanwó iṣẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì máa sọ iye tí wọ́n á máa ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́jọ́ ìdíje bá pé, ẹ ti to orúkọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbá a, ẹ̀yin á jókòó, ẹ ó máa wòran. Ẹni tí ẹ sì ń bá figagbága, èèyàn bíi tiyín ni, tóun náà ń yọ́ wo ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù níbi iṣẹ́, tí kò fẹ́ kí ọ̀gá òun rí òun.

Ìmọ̀ kan lọ́sẹ̀ kan

Ohun tó wà nídìí eré náà gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ní oríṣiríṣi ìmọ̀: bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti òkèèrè, bó ṣe ń fún ẹlòmíì ní bọ́ọ̀lù, bó ṣe ń dínà mọ́ alátakò, bó ṣe ń já bọ́ọ̀lù tó ta padà lára irin gbà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá, 'atrocious' ni wọ́n á kọ síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dé góńgó, 'legendary' ni tiẹ̀. Ìpele 20 ni béèyàn bá kà á láti ìsàlẹ̀ dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ síbi tó ti le. Ìmọ̀ kan ṣoṣo lẹ lè mú fún ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ kan. Kì í tún ṣe gbogbo wọn ló máa jẹ nínú rẹ̀ bákan náà. Ẹni tó bá máa kọ́ ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù nípò tí wọ́n ti ń lo ìmọ̀ ọ̀hún, ó sì gbọ́dọ̀ pé ìṣẹ́jú 48 lọ́sẹ̀ náà kó tó jẹ àjẹyó. Ìdíje kan, ìṣẹ́jú 48 náà ni. Tí ẹ bá gbá ìdíje mẹ́ta lọ́sẹ̀, èèyàn mẹ́ta péré ló lè jẹ àjẹyó nípò kan. Tí ẹ bá ní kẹ́ ẹ kó èrò sí i, kẹ́ ẹ fi ipò méjì tàbí mẹ́ta kọ́ wọn pọ̀, èèyàn á pọ̀ nídìí àwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan á kéré. Ọjọ́ Ẹtì ni èsì máa ń jáde. Ẹ bi mí bí oorun ọjọ́ Tọ́sidé ṣe máa ń rí!

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 18 máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ kíákíá, bó bá ṣe ń dàgbà ni orí rẹ̀ á máa le sí i. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Gíga náà ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀: ẹni gíga tètè máa ń mọ iṣẹ́ abẹ́ àwọ̀n, iṣẹ́ àwọn kúkúrú ni kì í tètè wọ̀ ọ́ lára. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí kádàrá rẹ̀ mọ. Tó bá ti débẹ̀, ẹ lè máa da ẹ̀kọ́ lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa gùn mọ́.

Ibi tí wàhálà ti dé

Ọmọ mi yìí mọ iṣẹ́ abẹ́ àwọ̀n. Tó bá dúró síbẹ̀, ó dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá di ká fún ẹlòmíì ní bọ́ọ̀lù, 'pitiful' ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ṣeni láàánú. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí eré náà jù mí lọ wá sọ fún mi pé, "Àbúrò, iṣẹ́ tí ọmọ yìí kò mọ̀ ni kó o kọ́ ọ nísinsìnyí. Èyí tó mọ̀, kò ní sá lọ. Gbé e sípò ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù."

Mo gbé e síbẹ̀. Háà! Ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ní kí alágbẹ̀dẹ wá máa dirun. Bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kúkúrú ń gbà á lọ nísàlẹ̀ apá rẹ̀. Wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, àwọn òǹwòran ti ń dín kù, owó tíkẹ́ẹ̀tì ń lọ sílẹ̀, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti sọ mí ní "Kóòṣì Ìjákulẹ̀". Bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ o, ìpele méjì lọmọ náà ti gùn láàárín ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí.

Mo gbé e sí gbàǹjo. Ẹnì kan láti ìlú òkèèrè ló rà á. Mo fi owó rẹ̀ ra baba ẹni ọdún 33 kan tó mọṣẹ́ dénú egungun. A na èèyàn mẹ́rin léra wọn, mo ń jó kiri ilé. Sáà yí padà, ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ baba náà lára, ìmọ̀ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ àpò mi. Mo ní kí n tà á, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀.

Sáà kan nínú eré yìí ni ọdún kan nínú ayé wọn. Ní sáà kẹta, mo ń wo ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún 21 lọ, mo rí orúkọ ọmọ mi. Ó ń ṣiṣẹ́ abẹ́ àwọ̀n, ó ń fún èèyàn ní bọ́ọ̀lù, ó ń jù ú láti òkèèrè. Ẹni tó rà á ti fara da ẹ̀sín tí èmi ò lè fara dà. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Tèmi burú jùyẹn lọ, ọmọ tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ lèmi tà.

Ọ̀rọ̀ Hakeem

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà lásán ni, kó rántí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí wọ́n bí lọ́dún 1963, táwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá, gólì ló ń mú, ó sì tún ń gbá hándíbọ́ọ̀lù, kó tó di pé ó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé Houston lọ́dún 1980, odidi sáà kan ni kò fi gbá ìdíje. Sáà tó tẹ̀ lé e, kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Wọ́n ní kó lọ máa bá Moses Malone, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ṣe ìdánrawò. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ Houston Rockets gba ife lọ́dún 1994, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1995. Ẹsẹ̀ tó fi ń mú gólì l'Ékòó ló fi ń yí àwọn òmìrán po lábẹ́ àwọ̀n. Nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, Kobe Bryant àti LeBron James, àwọn tó ti lókìkí tẹ́lẹ̀, tún wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo mọ ọ̀gá télọ̀ kan ládùúgbò mi. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan mọ bọ́tìnì rán ju ẹni gbogbo lọ, torí náà bọ́tìnì nìkan ló ń rán láti ọdún méjì. Iṣẹ́ ń yá, oníbàárà ń dúpẹ́, ọ̀gá ń pawó. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì gé aṣọ kan rí. Nígbà tí mo rí i, ṣe ni mo rí ara mi. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ gbà kó ba aṣọ díẹ̀ jẹ́.

Mo ti ní ọmọ ọdún 18 míì báyìí. Òun náà gùn, òun náà kò mọ bọ́ọ̀lù ún fún èèyàn. Ipò ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù ni mo fi í sí. Wọ́n nà wá ní Sátidé, wọ́n tún nà wá ní Túsìdeè. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Kóòṣì Ìjákulẹ̀. Mò ń jẹ́ wọn lóhùn. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń wò.