Ohun Tí Ẹ̀yin Òbí Lè Rí Kọ́ Lára Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí

 Lóṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé àti ìfowópamọ́ nìkan la fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ẹ má wulẹ̀ bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bọ́ọ̀lù. Ó kàn wá dáadáa, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó tó kọjá, ìyá kan nínú wa tó ń ta aṣọ mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wá. Oníduró méjì ti bá a fọwọ́ sí i. Nígbà tí a bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe, ó ní ọkùnrin kan ṣèlérí láti mú ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lọ sí òkè òkun láti lọ gbá bọ́ọ̀lù. Apá ọ̀tún lọmọ náà ń gbá, ó sì mọ̀ ọ́n gbá lóòótọ́. Àwọn kan nínú wa ti wò ó rí. Ọkùnrin yìí ní kí ìyá wá owó ìwé ìrìnnà, owó físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú, kí ọmọ sì fi iléèwé sílẹ̀ kó lè ráyè múra. Ìyá ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí oríire ọmọ mi kọjá lọ."

Gbogbo ilé dákẹ́. A ò fẹ́ dí ọ̀nà ọmọ, a ò sì fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ bá omi lọ. Bàbá kan tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀ ló wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí Ọdẹ́gbàmí ná." Ìdí nìyẹn tí a fi kó ìtàn yìí jọ fún gbogbo yín.

ỌMỌ ILÉÈWÉ TÓ Ń GBÁ BỌ́Ọ̀LÙ

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1952, ṣùgbọ́n Jos lókè Ọya ló ti dàgbà. St. Murumba College tó wà níbẹ̀ ló lọ. Lẹ́yìn náà ló wá sí Políì Ìbàdàn, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì wá kọ́. Ìbàdàn yìí náà ló ti wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ o: bó ti ń lọ sí pápá ló ń lọ sí kíláàsì. Kò torí ọ̀kan da èkejì nù.

Wíńgà ni, apá ọ̀tún ló ń gbá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ wíńgà nìyí: etí pápá ló ń dúró sí, lẹ́bàá ìlà ẹfun. Bí bọ́ọ̀lù bá kàn án, á gbé e sáré, á yọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀, á wá gbá a wá síwájú ilé fún ẹni tí yóò gbá a wọ àwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá fún un ní bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni yóò dúró sí bí èrò tó ń retí mọ́tò tí kò ní dé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwa ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọdẹ́gbàmí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Olóògbé Ernest Okonkwo tó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò ló fún un lórúkọ "Mathematical", nítorí pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi rúlà wọ̀n kó tó gbá a. Àwọn àgbà inú wa ò gbàgbé orúkọ náà. Bí rédíò bá ti ké e, ẹni tó ń ná ọjà á dá ìnáwó dúró, ẹni tó ń wọn gàrí á gbé kóńgò rẹ̀ sílẹ̀.

ADÙN ÀTI ÌKORÒ

Ní ọdún 1976, Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, gba ife líìgì Nàìjíríà. Lọ́dún kan náà, wọ́n bá Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù wọ ìdíje àṣekágbá ife Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife lórílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ló ni ife náà lọ́wọ́. IICC fi 4–1 nà wọ́n nílé, wọ́n fi 1–0 nà IICC lọ́hùn-ún, 4–2 ni àròpọ̀ rẹ̀. Bí ife Áfíríkà ṣe kọ́kọ́ tẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn. Olóògbé Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tirẹ̀, tó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́tò rí, ló máa ń wà láàárín pápá nínú ẹgbẹ́ náà.

Gbogbo ọjọ́ kọ́ ni ọdún. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1977, Tunisia wá bá wa l'Ékòó. Ìdíje ìwọlé sí Ife Àgbáyé ni. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wọlé, ẹ̀yìn wa ni Godwin Odiye ló ṣèèṣì fi orí kàn án sílé ara wa. 1–0. Báyìí ni Nàìjíríà ò ṣe rí Ajẹntínà lọ ní 1978. Ọdẹ́gbàmí wà nínú àwọn tó forí sọlẹ̀ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú tó dìde kò tíì ṣubú. Ní 1980, Nàìjíríà gbàlejò Ife Áfíríkà. Otto Glória, ará Bùràsíìlì, ni kóòṣì. A na Tanzania 3–1, àwa àti Ivory Coast gbá ọ̀mì, a na Íjíbítì 1–0, a sì na Mòrókò 1–0. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, ní Sùúrùlérè, Algeria ló kàn. Bọ́ọ̀lù kò tíì ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí Ọdẹ́gbàmí fi sọ ọ́ sáwọ̀n. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó tún sọ èkejì. Muda Lawal ló fi ẹ̀kẹta dé e lórí. 3–0! Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gba ife náà nìyẹn. Ìjọba Ààrẹ Shagari fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ilé àti mọ́tò.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÁ ṢE

Níbí la fẹ́ kí ẹ ti mú bírò. Ní 1984, Shooting Stars dé ìdíje àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì fi 2–0 nà wọ́n ní Káírò, wọ́n tún fi 1–0 nà wọ́n nílé. Ọdẹ́gbàmí fi bàtà kọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ ọdún 32 ni. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nígbà 46, ó sì ti sọ ayò 23 sáwọ̀n.

Eré rẹ̀ kò ju bí ọdún mẹ́rìnlá lọ. Láti ìgbà tó ti kúrò lórí pápá, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ogójì ọdún! Kí ni ìbá jẹ, bó bá ṣe pé ẹsẹ̀ nìkan ló gbójú lé? Ẹ má sì gbàgbé pé ní 1990 ni líìgì Nàìjíríà tó di èyí tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ó ti kúrò nígbà náà. Ohun tó fi orí kọ́ ló bá a kalẹ́. Ó di akọ̀ròyìn eré ìdárayá, ó sì dá iléèwé kan sílẹ̀ ní Wásinmi ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé tí wọ́n sì ń kọ́ eré ìdárayá pọ̀.

Òun nìkan kọ́. Adokie Amiesimaka tó ń gbá apá òsì nígbà tí Ọdẹ́gbàmí ń gbá apá ọ̀tún ka ìwé òfin, ó sì di kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Muda Lawal ní tirẹ̀ kò rí ọjọ́ alẹ́. Ó kú ní 1991, kò tíì pé ogójì ọdún. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

OHUN TÍ A SỌ FÚN ÌYÁ

A sọ fún ìyá pé a ò lè yá a lówó fún ìrìn àjò náà. Òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò sí nínú rẹ̀. A tún sọ fún un pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ọmọ ní tòótọ́ ni yóò náwó lé e lórí, kì í ṣe ìyá ọmọ. A ní kó bi ọkùnrin náà pé ìwé àṣẹ rẹ̀ dà, kí ló sì ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ tó ń retí ọmọ. Ó ní òun ti bi í, ọkùnrin náà ní tó bá tó àsìkò òun á sọ.

A wá fi fọ́ọ̀mù mìíràn síwájú rẹ̀: ẹ̀yáwó kékeré fún owó ìdánwò WAEC ọmọ náà àti bàtà bọ́ọ̀lù tuntun. Inú ìyá kò dùn. Ó ní àwa la ò fẹ́ kí ọmọ òun là. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n a ò bá a jà, nítorí ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Títí di ìgbà tí à ń kọ ìwé yìí, fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì akọ̀wé, kò tíì fọwọ́ sí i, kò sì ní ká fà á ya.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a óò gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Ṣé kí a ṣe é lófin pé ẹgbẹ́ kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó láti fi rán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun? Àbí kí a máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe dé? Ẹ rò ó wá láti ilé. Bí ìyá náà bá sì bá yín pàdé lọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí i dáadáa. Ọmọ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ohun tí a fẹ́ kò ju pé kó mọ̀wé pẹ̀lú.