Ipò Kìíní Kò Ta Gàrí: Bí A Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Tí Ìkànnì Ayélujára Ń Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá wá ìwákúwàá yóò rí ìríkúrìí. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, kò sí Google láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wíwá àti rírí náà ni ó gbé mi dé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ. N kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ bíi tiyín. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀ràn yìí, inú ìyọnu ni mo ti kọ́ ọ.

Mo ní àbúrò ìyá mi kan tí ó ń ta gàrí ní Ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá Ìbejì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹni tí ó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú kò ní fẹ́ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn rẹ̀: ó kúná, ó gbẹ, ó sì kan, nítorí pé wọ́n máa ń fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án. Omi tútù, ṣúgà díẹ̀, ẹ̀pà díẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní ọdún 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ Ìyá Ìbejì wá. Ó ní òun yóò ṣí ìkànnì fún wọn lórí ayélujára, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá gàrí Ìjẹ̀bú lórí Google, tiwọn ni yóò kọ́kọ́ rí. Owó àjọ tí Ìyá Ìbejì fẹ́ fi tún òrùlé ilé ṣe ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta, ó gbé fóònù rẹ̀ wá sí ìsọ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó sì nà án sí wọn. Lóòótọ́, ìkànnì Ìyá Ìbejì ni ó wà lókè pátápátá. Gbogbo ìsọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin náà gba ìyókù owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rùn dé, ẹnì kan ṣoṣo kò ti ibẹ̀ wá ra gàrí, kóńgò kan péré.

Nígbà tí mo dé ilé fún ìsinmi, wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o wọ yunifásítì, wá bá mi wò ó. Wọ́n ní èmi ni nọ́ńbà wáànù. Ta ni ó wá ra nǹkan?"

Mo béèrè ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin náà tẹ̀. Wọ́n ti ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí mo rí nínú ìwé náà ni: "ojúlówó gàrí Ìjẹ̀bú aládùn ti Ìyá Ìbejì." Ẹ̀rín pa mí, inú mi sì bàjẹ́. Ta ni yóò tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó ti mọ Ìyá Ìbejì tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ó bá dá nìkan sáré, ta ni yóò gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀? Mo tẹ "ijebu garri" sí fóònù tèmi. Mo wo ojú ewé kìíní, mo wo ìkejì, mo dé ìkẹta kí n tó rí wọn.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ni ipò tí ìkànnì wà, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti bi ẹni tí ó bá ní òun wà ní ipò kìíní ni pé, lórí ọ̀rọ̀ wo? Ìkejì ni pé, lójú ta ni? Láti ọdún 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá Google sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ náà ti gbọ́n ju bí a ti rò lọ. Ó máa ń wo ìlú tí ẹni tí ń wá nǹkan wà, èdè tí fóònù rẹ̀ ń sọ, àti nígbà mìíràn ohun tí ó ti wá tẹ́lẹ̀. Fóònù tí ọmọkùnrin náà mú wá ni ó fi ń ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì yẹn lójoojúmọ́, Ìjẹ̀bú-Òde ni ó sì wà. Ohun tí fóònù yẹn fi hàn lè má jọ ohun tí ẹni tí ó jókòó sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Peckham wà lára àwọn tí Ìyá Ìbejì ń retí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ nítorí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Àmì ohùn tí àwọn olùkọ́ wa ń tìtorí rẹ̀ gé máàkì wa, àwọn tí ń wá nǹkan lórí fóònù kì í sábà fi sí i. "Ijebu garri", "ijebu gari", "garri ijebu": bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, àti ọmọ Ìjẹ̀bú àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Ohun tí Google yóò mú jáde fún ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì àti èyí tí kò ní kì í fi gbogbo ìgbà dọ́gba. N kò sọ pé kí a ju àmì nù o. Èmi fi àmì sí gbogbo ohun tí mo kọ sí ìkànnì náà, ṣùgbọ́n mo rí i pé orúkọ ọjà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ ọ́.

Irinṣẹ́ kan wà tí Google ń fún ẹni tí ó ni ìkànnì lọ́fẹ̀ẹ́. Search Console ni orúkọ rẹ̀. Webmaster Tools ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2015. Ọmọkùnrin yẹn kò sọ fún Ìyá Ìbejì pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Mo ṣí i, mo sì lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó mọ ohun tí mò ń wò.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Ìbejì, ọjà wọn ni mo fi ṣe é. Iye ìgbà tí Google fi ìkànnì wa hàn ẹni tí ń wá nǹkan, ìyẹn dà bí iye ènìyàn tí ó gba iwájú ìsọ̀ kọjá. Iye tí ó tẹ̀ ẹ́ kí ó lè wọlé, ìyẹn ni àwọn tí ó dúró. Bí a bá fi ìkejì wé èkíní, a ó mọ iye tí ń dúró nínú ọgọ́rùn-ún: ká ní ìgbà 1000 ni a fara hàn, tí ènìyàn 20 sì tẹ̀ wá, méjì nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni ipò wa, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìyá Ìbejì ní, "Ìwọ kò tíì sọ ti àwọn tí ó ná an, àti àwọn tí ó san owó." Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, a ó dé ibẹ̀.

Ipò tí a pín dọ́gba yìí ni ó fẹ́ tàn mí jẹ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní lóṣù yìí, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti rí wa, nígbà 100, ní ipò kejì. Ipò wa jẹ́ 2. Lóṣù tí ó tẹ̀ lé e, a ṣì wà ní ipò kejì lórí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà 100, ṣùgbọ́n a tún bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lórí ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn ènìyàn ń wá jù, nígbà 300, ní ipò kẹwàá. Ẹ fi 100 sọ 2 di púpọ̀, ẹ fi 300 sọ 10 di púpọ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fi 400 pín in: 8 ni yóò fún yín. Ẹni tí ó bá ń wo ipò nìkan yóò pariwo pé a ti já láti 2 sí 8. Bẹ́ẹ̀, a kò pàdánù nǹkan kan. Ojú tí ń rí wa ni ó di ìlọ́po mẹ́rin. Láti ìgbà náà ni n kò ti wo ipò láìwo ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú irinṣẹ́ náà, nítorí ohùn ènìyàn ni wọ́n jẹ́. Google kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn. Èyí tí ènìyàn díẹ̀ péré tẹ̀, wọ́n ń fi pamọ́ kí àṣírí ẹnikẹ́ni má baà tú. Èyí tí mo rí kọ́ mi lọ́gbọ́n. Àwọn kan ń béèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gàrí Ìjẹ̀bú àti gàrí pupa. Àwọn kan ń béèrè bí gàrí ṣe lè dé Lọ́ńdọ̀nù láìrin. Kò sí ìdáhùn kankan sí èyí lórí ìkànnì tí ọmọkùnrin yẹn ṣe. Oríkì gàrí ni ó kún ibẹ̀. Mo jókòó ti Ìyá Ìbejì, wọ́n ń sọ, mo ń kọ. Láàrin oṣù mélòó kan, àwọn tí ń tẹ̀ wá pọ̀ sí i.

Síbẹ̀ aago kò dún. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ rú mi lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo mú fóònù, mo ṣe bí oníbàárà, mo pe nọ́ńbà tí ó wà lórí ìkànnì náà. Kò lọ. Mo ka a: mẹ́wàá ni, dípò mọ́kànlá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ìkànnì yẹn ni nọ́ńbà fóònù ti já sílẹ̀ lẹ́yọ kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, nítorí pé ipò kìíní ni gbogbo wa ń wò. N kò lè sọ iye ènìyàn tí ó pè tí ó sì sú. Láti ìgbà náà, mo ṣe bọ́tìnì WhatsApp kan síbẹ̀, mo sì ń ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ìyẹn ni ìṣirò tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọlọ́jà, ìyókù ń gbè é lẹ́yìn ni.

Ọ̀rọ̀ ìgbà náà tún wà. A kọ ojú ewé kan nípa Òjúde Ọba sí ìkànnì náà, nítorí pé àwọn àlejò tí ó wá ṣe ọdún máa ń ra gàrí lọ sílé. Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni ọdún yìí máa ń bọ́ sí, nígbà tí àwọn regbẹ́regbẹ́ bá wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí àwọn ìdílé Balógun sì gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Kàlẹ́ńdà òṣùpá ni Ìléyá ń tẹ̀ lé, nítorí náà lọ́dọọdún ni ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni Òjúde Ọba. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 18 oṣù náà. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 8. Nígbà tí mo fi ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn oṣù Kẹfà ọdún 2024 wé ti ọdún 2023, mo rò pé gbogbo iṣẹ́ wa ti bàjẹ́. Àṣé ọdún ti kọjá lọ ni. Ọjọ́ Òjúde Ọba ni ó yẹ kí n fi wé ọjọ́ Òjúde Ọba. Ẹ má sì gbàgbé pé oṣù 16 péré ni Search Console ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dà á kọ.

Ọdún 2024 yìí kan náà ni àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo ayé kan. Iye ìgbà tí a fi ojú ewé wa hàn pọ̀ lọ súà, àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ kò sì tó nǹkan, nítorí pé àwòrán ni wọ́n ń wá, kì í ṣe àlàyé tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí oyè. Ìṣirò wa ga fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì wálẹ̀. Bí mo bá jẹ́ alágbàṣe tí ń gba owó lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, ǹ bá gbé e fún wọn pé ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ohun tuntun kan tún ti dé. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ síwájú àwọn ìkànnì ní Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá béèrè ọjọ́ tí Òjúde Ọba yóò bọ́ sí yóò rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, kò ní tẹ ẹnikẹ́ni. Ènìyàn lè wà lókè, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ kankan má sì wọlé rẹ̀. Èyí ká mi lára nípa ojú ewé Òjúde Ọba. Ní ti gàrí, kò tíì dà mí láàmú púpọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò lè wọn gàrí sínú àpò.

Ìyá Ìbejì ní ìwé kékeré kan nísinsìnyí. Oníbàárà tuntun tí ó bá dé, tàbí tí ó bá pè, wọ́n ó bi í pé níbo ni ó ti gbọ́ orúkọ àwọn. Bí ó bá ní orí Google, wọ́n ó fa igi kan; bí ó bá ní ẹnu ènìyàn ni, wọ́n ó ṣe òdo kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń kọ èyí, igi mẹ́rin ni mo kà, àti òdo mọ́kànlá. Mo fi hàn wọ́n pé òdo ju igi lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn béèrè lọ́wọ́ àwọn òdo mọ́kànlá yẹn, ibi tí ẹni tí ó sọ fún wọn ti kọ́kọ́ rí i.