Ṣé o mọ̀? Ibi tí a ti ń fi ẹjọ́ agbẹjọ́rò sùn ní Dublin

Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní Mulhuddart àti Blanchardstown ní Dublin, Ireland. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ilé rírà tàbí ìjàǹbá ibi iṣẹ́ lè gbé ẹnikẹ́ni nínú wọn dé ọ̀dọ̀ sọ̀lísítọ̀. Bí iṣẹ́ bá wá bàjẹ́ ńkọ́?

Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Legal Services Regulatory Authority (LSRA) ló ń gba ẹ̀sùn lórí sọ̀lísítọ̀ àti bárísítà. Tẹ́lẹ̀, Law Society tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn sọ̀lísítọ̀ gan-an ló ń gbọ́ ẹ̀sùn tiwọn. Mo fara mọ́ àyípadà yìí tọkàntọkàn.

Ẹ̀sùn lè jẹ́ ti iṣẹ́ tí kò kúnjú ìwọ̀n, owó tó pọ̀ jù, tàbí ìwà àìtọ́. Ọdún 3 ni gbèdéke fún méjì àkọ́kọ́. Ìwà àìtọ́ kò ní gbèdéke. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá.

Tètè wá ìwé owó tí agbẹjọ́rò fún ọ. Abala 150 òfin ọdún 2015 tó dá LSRA sílẹ̀ pàṣẹ pé kó kọ iye tí yóò gbà sílẹ̀ fún ọ, tàbí bí yóò ṣe ṣírò rẹ̀. Bí kò bá fún ọ, sọ ìyẹn náà fún LSRA.

Bí iṣẹ́ kò bá kúnjú ìwọ̀n, LSRA lè ní kí agbẹjọ́rò tún un ṣe, tàbí kó san owó gbà-máà-bínú tí kò ju €3,000 lọ fún ọ. Ìwà àìtọ́ tó wúwo ń lọ sí ìgbìmọ̀ ìbáwí, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè yọ orúkọ agbẹjọ́rò kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò.