Bí a ṣe ń tọ́ tíì wò kí ṣúgà tó bọ́ sínú rẹ̀

Ẹni tó jẹ obì dàgbà ní Iléṣà tàbí Òṣogbo ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Tó bá bu obì jẹ, ìkorò ló máa kọ́kọ́ dé. Láìpẹ́, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀, itọ́ á gbẹ lórí ahọ́n. Tó bá wá mu omi lé e, omi lásán á dùn ju bó ṣe ń dùn tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́ta yìí ni tíì gidi náà ń gbà wọ ẹnu: ìkorò, ìfúnpọ̀ ẹnu, àti adùn tó ń pẹ́ kó tó yọjú. Káféènì tó ń lé oorun lọ lójú ẹni tó jẹ obì wà nínú ewé tíì, tánììnì tó ń fún ẹnu pọ̀ sì wà nínú àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ èyí nídìí tíì àárọ̀ wa? Omi gbígbóná kún kọ́ọ̀pù ńlá, àpò Lipton kan, mílíìkì, hóró ṣúgà mẹ́rin, búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé tí kò bá sí Lipton, Milo tàbí Bournvita ni wọ́n á pò níbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ kòkó àti ọkà, kò sí ewé tíì nínú rẹ̀ rárá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Búrẹ́dì gbígbóná àti tíì onímílíìkì dára láàárọ̀ ọjọ́ òjò. Àmọ́ ahọ́n kò lè dá ewé mọ̀ lábẹ́ ẹrù tó pọ̀ tó yẹn. Ẹ sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Igi kan ṣoṣo ni gbogbo tíì ti wá, Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Tíì dúdú, tíì aláwọ̀ ewé, tíì funfun, oolong, ewé igi kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wo obì funfun tí a bù sílẹ̀ nínú àwo: kò ní pẹ́ tí ojú ibi tí a ti bù ú á pọ́n rúsúrúsú, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ewé tíì náà ń ṣe. Bí wọ́n bá rún un, tí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó yan án gbẹ, tíì dúdú nìyẹn. Bí wọ́n bá tètè fi iná dá a dúró, àwọ̀ ewé kò ní kúrò lára rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ń yan án nínú agbada gbígbóná, àwọn ará Japan ń fi ooru omi sè é. Oolong wà láàárín méjèèjì. Ti funfun, wọ́n kàn ń jẹ́ kó rọ, kó sì gbẹ ni.

Èyí tó kún inú àpò kéékèèké tí à ń rà yàtọ̀ díẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan ní Assam, ní ilẹ̀ Íńdíà, tó ń fọ́ ewé, tó ń fà á ya, tó sì ń ká a di hóró wẹ́wẹ́. CTC ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Hóró wẹ́wẹ́ yìí kì í jẹ́ kí omi sinmi: kò tíì pẹ́ nínú rẹ̀ tí omi ti pọ́n. Ó ki, ó le, ó sì bá mílíìkì mu. Kenya ló ń ta tíì dúdú sí òkèèrè ju orílẹ̀-èdè yòókù lọ, CTC ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, tó ga ju mítà 1,500 lọ, ni wọ́n ti ń gbìn ín, Kakara tó wà lórí òkè náà ni wọ́n sì ti ń ṣe Highland Tea. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò mọ sórí kòkó. Àwọn náà ló ń ṣe ìwádìí lórí obì, kọfí, kaṣú àti tíì, wọ́n sì ní ẹ̀ka kan ní Kusuku lórí Mambilla nítorí tíì yìí. Tó bá jẹ́ tèmi ni, tíì Mambilla ni kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀, kó mọ ti ilé kó tó mọ ti òde.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ìdí ìtọ́wò fúnra rẹ̀. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí omi ló pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀pù. Omi kànga kan wà tó jẹ́ pé bí a bá ń sè é lójoojúmọ́, ohun funfun kan á máa lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Bí a bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe tíì, àwọ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ á bo ojú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì ní jáde bó ṣe yẹ. Omi inú ọ̀rá tàbí omi òjò tó mọ́ sàn jù ú lọ. Ẹnì kan á bi mí léèrè omi odò Ọ̀ṣun. Láti ìgbà tí ìwakùsà wúrà ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni omi náà ti pọ́n, síse kò sì lè mú òjé tàbí mẹ́kúrì kúrò nínú omi. Ẹ má fi ṣe tíì.

Ní ti ìwọ̀n, àjọ ISO tó ń ṣètò ìwọ̀n fún gbogbo ayé gbé ìwé kan jáde ní 1980, nọ́ńbà rẹ̀ ni 3103, tó sọ bí àwọn tó ń fi tíì títọ́wò ṣiṣẹ́ jẹ ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é: ewé gíráàmù 2 sí omi mílílítà 100 tó ń hó, fún ìṣẹ́jú 6, nínú ìkòkò tánganran kékeré tó ní ìdérí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn aláwàdà onísáyẹ́ǹsì nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀bùn Ig Nobel fún lítíréṣọ̀ ta àjọ ìwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ní 1999, nítorí ìwé olójú-ewé mẹ́fà tí àjọ náà kọ lórí bí a ṣe ń po tíì. Ìṣẹ́jú 6 ń mú kí tíì le ju èyí tí ènìyàn á fẹ́ mu lọ. Ẹni tó fẹ́ ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún kílò ló ni ìyẹn, àbùkù ló ń wá.

Nílé, ẹ ṣe báyìí. Ẹ wá kọ́ọ̀pù kékeré mẹ́ta tí kò rùn àgbo, funfun bó bá ṣeé ṣe kí ẹ lè rí àwọ̀ omi. Àpò tíì kan náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tó sì dọ́gba. Ẹ yọ àpò ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, ti kejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, ti kẹta lẹ́yìn ìṣẹ́jú 6. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó mu, torí ahọ́n tí nǹkan gbígbóná ti jó kò mọ nǹkan kan mọ́. Ti àkọ́kọ́ á tẹ́ lẹ́nu: àwọ̀ wà, ìtọ́wò kò sí. Ti kejì á ti ki díẹ̀, ìkorò àti òórùn á wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan borí èkejì. Ti kẹta á fún ẹnu yín pọ̀ dé ìdí ehín. Ewé kò yí padà, omi kò yí padà, àkókò nìkan ni. Ẹni tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ju ẹni tó ra oríṣi tíì mẹ́wàá tó sì po gbogbo wọn bákan náà.

Kí ẹ tó mu, ẹ gbé ewé tútù inú àpò náà sí imú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa díẹ̀ sẹ́nu tariwotariwo, irú ariwo tí à ń bá ọmọdé wí sí nídìí ẹ̀kọ mímu. Nídìí tíì, iṣẹ́ ni ariwo náà ń ṣe. Afẹ́fẹ́ tó bá omi wọlé ló ń gbé òórùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹnu gba ọ̀fun lọ sí imú, bẹ́ẹ̀ imú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní ìtọ́wò. Ahọ́n kò mọ̀ ju dídùn, kíkorò, kíkan, iyọ̀ àti adùn omi ẹran lọ. Ẹ di imú yín mú kí ẹ mu tíì. Kò ní kù ju omi kíkorò lọ. Ẹ tú imú sílẹ̀, tíì á padà dé.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ fi ẹnu ara yín pè é. Ìwé àwọn òyìnbó lórí tíì kún fún orúkọ èso tí kò sí lọ́jà wa, ẹni tí kò sì jẹ èso kan rí kò lè bá a pàdé nínú kọ́ọ̀pù. Tíì lè ki, ó lè ṣàn. Ó lè ta sánsán, ó lè rùn èéfín, ó lè tẹ́. Ó lè korò, ó sì lè fún ẹnu, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí nǹkan kan náà. Orí ahọ́n ni ìkorò ń jókòó sí, ṣúgà sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ìfúnpọ̀ ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ṣúgà. Tánììnì ló ń di àwọn èròjà tó ń mú kí itọ́ yọ̀ mú, ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìdí ehín á bá gbẹ. Bí mílíìkì bá wà níbẹ̀, ara mílíìkì ni tánììnì á lọ dì mọ́, itọ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mílíìkì fi ń tu tíì tó le lójú, tó sì ń pa tíì tó rọ.

Tíì aláwọ̀ ewé ló ń jìyà jù lọ́wọ́ wa. Wọ́n ń tà á bí oògùn tó ń dín ikùn ńlá kù, àwọn tó ń rà á sì ń sè é bí àgbo, wọ́n á jẹ́ kó hó títí, wọ́n á wá fajú ro mu ún. Omi tó ń hó ló bà á jẹ́. Ooru tó wà láàárín ìwọ̀n 70 sí 80 lórí Celsius tó o, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 2. Ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, kó da omi tó hó sínú kọ́ọ̀pù kan, kó dà á sí òmíràn, kó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ewé tó bọ́ sínú rẹ̀. Á rọ lẹ́nu, á ní òórùn ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀, adùn díẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ní ti ikùn, mi ò gbà pé ó máa tìtorí rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Sábó, àdúgbò àwọn ará Òkè Ọya ní Òṣogbo. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907 ni obì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ sí Òkè Ọya, tí àwọn ará Òkè Ọya náà sì ń bá a bọ̀. Ṣáì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní alẹ́, ewé tó ti pẹ́ lórí iná ni, pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti ṣúgà. Ẹni tó ń sè é á gbé kọ́ọ̀pù kan sókè, á máa dà á sínú òmíràn nísàlẹ̀ títí á fi hó. Kò yẹ kí ẹ wá ewé níbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ẹ fi ahọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn èròjà náà: kànáfùrù ló sábà máa ń kọ́kọ́ kan imú, atalẹ̀ ló ń kẹ́yìn ní ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn ará Senegal, Mali àti Gambia ní ọ̀nà tó tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tíì aláwọ̀ ewé láti Ṣáínà ni wọ́n ń lò, attaya ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì se ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ máa ń le, ti ìkẹyìn máa ń rọ, ó sì máa ń dùn. Ẹni tó bá ní ewé tíì tí kò sí nínú àpò lè dán an wò nílé: omi mẹ́ta lórí ewé kan, kó wo ohun tó ń lọ àti ohun tó ń kù.

Ewé tíì tó ń hù lẹ́yìnkùlé wa, tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba, kì í ṣe ara ìdílé tíì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe zóbò. Kò sí káféènì nínú wọn. Síbẹ̀ wọ́n dára fún kíkọ́ ẹnu: òórùn ni gbogbo agbára ewé tíì yẹn, kíkan sì ni ti ìṣápá. Ẹni tó bá mu méjèèjì láìfi ṣúgà sí i á mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí imú ń gbà àti ohun tí ahọ́n ń gbà.

Ohun kan ló kù tó ń ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ewé tíì gbígbẹ a máa fa òórùn ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tà á ní Ọjà Ọba Òṣogbo àti ní Àtàkúnmọ́sà n'Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé páálí tíì ti irú, ti ẹja gbígbẹ tàbí ti ọṣẹ. Inú agolo tó ní ìdérí ni kó wà, kí oòrùn má sì pa á. Ẹ̀yin tó ń rà á, ẹ gbé páálí sí imú kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ti ń rùn ọṣẹ, ẹ dá a padà.