Ìdánwò àròjinlẹ̀: Ìdí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹnu tó sọ ọ́

Láyé ọjọ́sí, bí ọmọ bá ti jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ ti ń dúró dè é. Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹni tó gboyè jáde ní Yunifásítì pàápàá, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńláńlá kì í pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bí kò bá tíì yege nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn làákàyè. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ yín fìdí rẹmi nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹ má tètè sọ pé kò kàwé. Ìdánwò yìí kì í béèrè ohun tí olùkọ́ kọ́ ọmọ. Bí ọmọ ṣe mọ ọ̀rọ̀ gbé yẹ̀ wò tó ló ń béèrè.

Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Watson-Glaser, tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Goodwin Watson àti Edward Glaser, gbé kalẹ̀. Láti ọdún 1941 ni Glaser ti tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àròjinlẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló ń lò ó láti ṣa àwọn tí wọn yóò gbà síṣẹ́, àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà níbẹ̀ sì ń bá a pàdé. Apá márùn-ún ló ní. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí wíwọn ìdí ọ̀rọ̀: wọn á béèrè ìbéèrè kan, wọn á fi ìdí kan tì í, akẹ́kọ̀ọ́ á sì sọ bóyá ìdí náà lágbára tàbí kò lágbára.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìbéèrè náà ni pé: ṣé ó yẹ kí ìjọba máa fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹnì kan dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọmọ tí ebi ń pa kò lè fọkàn sí ohun tí olùkọ́ ń sọ." Ìdí yìí lágbára, ó kan ìbéèrè náà gbọ̀ngbọ̀n. Ẹlòmíràn ní, "Rárá, nítorí owó oúnjẹ náà kò ní jẹ́ kí wọ́n rí owó tún àwọn kíláàsì tó ń jò ṣe." Èyí náà lágbára, bó tilẹ̀ tako ti àkọ́kọ́. Ẹnì kẹta ní, "Rárá, ta tiẹ̀ ni ẹni tó dá a lábàá? Ṣé òun náà kàwé ni?" Èyí kò lágbára rárá. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ló bú, kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á ní ìdí kan lágbára nítorí pé ó bá èrò ọkàn wọn mu. Ìdánwò náà kò béèrè ibi tí ẹ̀ ń ṣe sí. Kódà, ó ní kí ẹ gbà pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ, kí ẹ wá wò ó bóyá ó tó gbé ẹrù tí wọ́n gbé lé e.

Ẹ̀tàn inú ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Aristotle, ará ilẹ̀ Gíríìsì, ti ka mẹ́tàlá sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀ràn sì ti rí òmíràn kún un. Bíbú ẹni dípò dídáhùn ọ̀rọ̀ wà lára wọn. Òmíràn ni "gbogbo ayé ló ń ṣe é, nítorí náà ó dára." Òmíràn tún ni "bí o kò bá sí lẹ́yìn wa, ọ̀tá wa ni ọ́," bí ẹni pé kò sí ọ̀nà kẹta.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Àwọn àgbà ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ronú bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò yìí yóò gba òdo. Pé ohun kan tẹ̀lé òmíràn kò fi hàn pé òun ló fà á. Ibà lè ti wà lára ọmọ náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyí, kó rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Àrùn Ebola ti wọ Èkó lógúnjọ́ oṣù Keje. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gba orí fóònù kan pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Òru ni àwọn ẹbí ń pe ara wọn jí. Ìdí wo ni ọ̀pọ̀ rí dì mú? Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Ẹni tí a fọkàn tán ló pè. Díẹ̀ ló béèrè pé kí ni iyọ̀ fi bá Ebola tan. Nígbà tó yá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ìròyìn ti gbé e pé ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ẹni tó fi iyọ̀ wẹ̀ tí Ebola kò mú lè sọ pé iyọ̀ ló gba òun. Ṣùgbọ́n àìmọye ènìyàn ni kò wẹ̀ ẹ́, tí àrùn náà kò sì mú. Ohun tó ṣẹ́gun Ebola ni pé àwọn elétò ìlera wá àwọn tó fara kan aláìsàn kàn, iye wọn sún mọ́ 900, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ilé ni ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọmọ bá béèrè pé "kí nìdí?", ẹ má pè é ní aláfojúdi, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ẹ sì bi òun náà ní tirẹ̀. Bí ìròyìn ìwòsàn tàbí ti òṣèlú bá sì tún gba orí fóònù dé lóru, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹlòmíràn jí.