Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: Ta gan-an ni ẹ̀bùn ìjọba tọ́ sí nínú àwọn eléré ìdárayá wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní yinni-yinni kẹ́ni ṣe òmíì. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí awuyewuye ti ń bẹ́ sílẹ̀ ni iye tí wọ́n fi ń yin olúwarẹ̀, àti ẹni tí wọ́n gbàgbé láti yìn rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2025, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nílùú Rabat, lórílẹ̀-èdè Mòrókò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa, Super Falcons, ló ń kojú àwọn onílé nínú àṣekágbá ìdíje ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn Mòrókò ti kọ́kọ́ jẹ góòlù méjì, ọ̀pọ̀ ló sì ti pa tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n lọ sùn. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ariwo ayọ̀ ló gba ìgboro, nítorí àwọn ọmọ wa dá góòlù méjèèjì padà, wọ́n tún fi ẹyọ kan lé e. Ife kẹwàá tí wọ́n gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbà wọ́n lálejò ní Àbújá. Ibẹ̀ ló ti kéde pé kí wọ́n fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní iye náírà tó tó $100,000, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ gba $50,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó tún fi oyè OON dá gbogbo wọn lọ́lá, ó sì ní kí wọ́n fún wọn ní ilé oníyàrá mẹ́ta níkọ̀ọ̀kan ní Àbújá. Àwọn gómìnà náà kò gbẹ́yìn, wọ́n fi mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, D'Tigress, na orílẹ̀-èdè Mali ní àmì 78 sí 64 nílùú Abidjan, wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà nígbà karùn-ún léraléra. Irú ẹ̀bùn kan náà ni ìjọba kéde fún wọn. Ìgbà yẹn ni àwọn ará ìlú wá pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ọ̀hún

Ojú ìwé okòwò lẹ ń kà yìí, nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ìwé ìṣirò jáde. Agbábọ́ọ̀lù 24 ló wà nínú ikọ̀ Super Falcons, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àti alábàáṣiṣẹ́ wọn jẹ́ 11. Tí a bá lo nǹkan bíi 1,520 náírà sí dọ́là kan, tí kò jìnnà sí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lásìkò náà, owó agbábọ́ọ̀lù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 152 náírà. Ti gbogbo ikọ̀ jẹ́ $2,950,000, ìyẹn bíi bílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ náírà, láì tíì ka ilé àti owó àwọn gómìnà mọ́ ọn.

Ẹ wá fi èyí wé iye tí ife náà fúnra rẹ̀ mú wá. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni àjọ CAF yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá gba ife lọ́dún yẹn. Èyí já sí pé owó tí ìjọba fi kí àwọn ọmọ náà kú iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí iṣẹ́ ọ̀hún pa wọlé.

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, tí kò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀, yóò fi ọdún 180 ṣiṣẹ́ kó tó rí mílíọ̀nù 152 kó jọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Ààrẹ ṣe ìkéde náà sì ni àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ nítorí owó àjẹmọ́nú wọn. Ẹ ò rí i pé kò yani lẹ́nu bí inú ṣe bí àwọn èèyàn. Olùkọ́ ń béèrè tiẹ̀, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ń béèrè tiẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìdánwò náà ń bi wá léèrè pé ṣé bọ́ọ̀lù nìkan ni iṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí ni.

Kí ni àwọn tó gbè sẹ́yìn ẹ̀bùn náà wí?

Ọ̀rọ̀ tiwọn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ eré ìdárayá kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ọdún mẹ́wàá, bí ó bá pọ̀ jù, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, eegun a ti rọ, orúnkún a ti máa dun èèyàn, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn obìnrin níbí kò lè fi owó rẹ̀ wé ti ọkùnrin tó ń gbá a nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n tún rán wa létí pé gbèsè àtẹ̀yìnwá ló wà nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 2004, lẹ́yìn tí Super Falcons gba ife ilẹ̀ Áfíríkà tán ní orílẹ̀-èdè South Africa, inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n láwọn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá san owó àjẹmọ́nú àwọn. Lọ́dún 2016, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní Àbújá. Wọ́n gba ife bọ̀ láti Cameroon, wọ́n gbé e dání, wọ́n sì fi ṣe ìwọ́de lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lójú ẹni tó bá rántí èyí, owó ọdún 2025 kò pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n Amúsàn ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di iṣu ata yán-an-yàn-an nìyí. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sáré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti máa ń fo ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 nílùú Eugene, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lóṣù keje ọdún 2022. Kò tíì sí obìnrin kankan láyé tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí kó tó dìgbà náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ló di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba góòlù nínú ìdíje eré sísá gbogbo àgbáyé. Ìjọba Ààrẹ Bùhárí fi oyè OON dá a lọ́lá lọ́dún náà. Nígbà tó tún gba fàdákà ní Tokyo lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìbéèrè àwọn èèyàn ni pé, tí ife ilẹ̀ Áfíríkà bá tó $100,000, èló ni fàdákà gbogbo àgbáyé?

Ti Blessing Oborududu tún wà ńbẹ̀. Fàdákà ló gbà nínú ìjàkadì ní Òlíńpíìkì Tokyo, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021. $10,000 ni ìjọba fún un. Ese Brume tó gba idẹ nínú eré fífò jìnnà gba $7,500. Iye tí wọ́n fún ẹni tó dúró sípò kejì ní gbogbo ayé kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n fún ẹni tó ṣe ipò kìíní nílẹ̀ Áfíríkà.

Àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ní ká fara balẹ̀, torí ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé kò dọ́gba. Bí Amúsàn ṣe parí eré rẹ̀ ní Eugene, àwọn tó ṣètò ìdíje náà fún un ní $70,000 fún góòlù, wọ́n tún fi $100,000 lé e nítorí pé kò sẹ́ni tó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ni owó náà. Ti bọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù nílé ni CAF ń sanwó fún, ìyẹn ló wá kù tí yóò pín in. Ìdí nìyí tí ẹ̀bùn ìjọba fi máa ń jẹ́ ìgbàlà fún agbábọ́ọ̀lù ju elére sísá lọ.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ náà, a ó rí i pé àwọn kan wà tó yẹ kó ṣíwájú gbogbo àwọn tá a ti dárúkọ. Àwọn akanda ẹ̀dá ni. Lọ́dún 2024, àwọn eléré ìdárayá wa lọ sí Òlíńpíìkì Paris, wọn ò mú àmì ẹ̀yẹ kankan bọ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn akanda ẹ̀dá lọ sí tiwọn nílùú kan náà, wọ́n sì mú méje wálé: góòlù méjì, fàdákà mẹ́ta, idẹ méjì. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gbé irin tó wúwo tó kílò 167, ẹnikẹ́ni nínú ìsọ̀rí rẹ̀ kò gbé e tó bẹ́ẹ̀ rí. Onyinyechi Mark gbé kílò 150. Ẹniọlá Bọ́lájí gba idẹ nínú badminton, èyí tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kankan kò rí gbà rí níbi ìdíje náà.

Àjọ tó ń ṣètò ìdíje àwọn akanda ẹ̀dá kì í san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá gba góòlù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń polówó ọjà kì í sábà wá wọn lọ. Bí ìjọba kò bá rántí wọn, kò sẹ́lòmíì tí yóò rántí wọn.

Ìlérí tó di arúgbó

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Kíkéde ẹ̀bùn rọrùn, ká san án ni iṣẹ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 1985, àwọn ọ̀dọ́ wa, Golden Eaglets, gba ife àgbáyé ní Ṣáínà. Ọ̀gágun Bùhárí ló ń ṣèjọba. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lé e kúrò lórí oyè. Ọdún 2016, nígbà tí Bùhárí padà dé gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ alágbádá, ni ó tó ráyè san ẹ̀jẹ́ náà, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọdé ọjọ́sí ti di bàbá àgbà.

Àwọn Super Eagles tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia lọ́dún 1994 náà gbọ́ pé wọ́n máa fún àwọn nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dúró títí di ọdún 2021 kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Rashidi Yekini, tó gbá góòlù wọlé jù lọ́dún náà, ti kú nílùú Ìbàdàn lọ́dún 2012. Stephen Keshi tó jẹ́ balógun wọn kú lọ́dún 2016. Chioma Ajunwa, tó gba góòlù Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà lọ́dún 1996, fi ọdún 25 dúró de ilé tí wọ́n ṣèlérí fún un l'Ékòó, kí Gómìnà Sanwó-Olú tó fún un lọ́dún 2021.

Ẹni tó bá ń ṣòwò mọ̀ pé owó tí a kò tètè san, ó ń kú díẹ̀díẹ̀ ni. Lọ́dún 1994, náírà 22 ni ìjọba ń ṣẹ́ sí dọ́là kan. Ẹni tí wọ́n bá ṣèlérí mílíọ̀nù kan náírà fún nígbà yẹn, bíi $45,000 ni wọ́n ṣèlérí fún un. Tí wọ́n bá san mílíọ̀nù kan náà fún un lọ́dún 2025, kò tó $700.

Ọgbọ́n wo la lè dá sí i?

Òfin oyè ìdálọ́lá wa, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1964, sọ orúkọ àwọn oyè náà, láti orí GCFR títí dé MON. Kò sọ iye owó tàbí ilé tó bá oyè lọ. Bí inú ẹni tó wà lórí àlééfà bá ṣe dùn tó lọ́jọ́ náà ni ẹ̀bùn ṣe ń tóbi tó. Lọ́dún 2024, Super Eagles tó ṣe ipò kejì nílẹ̀ Áfíríkà gba oyè MON, ilé àti ilẹ̀ ní Àbújá.

Lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ìgbìmọ̀ ló ń yan ẹni tí wọ́n máa fún ní àmì ẹ̀yẹ eré ìdárayá tó ga jù, tí wọ́n ń pè ní Khel Ratna, wọ́n sì ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀: mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ owó rúpì. Ìyẹn kò ní kí ariwo má sọ. Ní ìparí ọdún 2024, ìròyìn gbòde pé orúkọ Manu Bhaker, tó gba idẹ méjì nínú ìbọn yínyìn ní Paris, kò sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá. Ìlú gbóná. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2025, orúkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ti àwọn mẹ́ta mìíràn, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ akanda ẹ̀dá. Ó kéré tán, àwọn tibẹ̀ ní ìwé òfin tí wọ́n lè tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń jà.

Ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwa náà nílò. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ pé èyí ni ti góòlù àgbáyé, èyí ni ti Áfíríkà, kí ti akanda ẹ̀dá má sì kéré sí ti ẹlòmíì. Kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ san án. Kí wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ alẹ́ wọn bí owó ìfẹ̀yìntì. Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n máa san owó àjẹmọ́nú lásìkò, torí ẹni tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ní máa wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó jẹun.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gba owó Super Falcons àti D'Tigress padà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà níbì kan báyìí, tó ń gbé irin lórí bẹ́ǹṣì, tí kò mọ iye tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ yóò san fún un bó bá borí gbogbo ayé. Ó yẹ kí ẹnì kan ti lè sọ fún un.