Dókítà Tó Gbé Ẹ̀rí Jésù Yẹ̀wò

Ní Ìdí-Àràbà, níbi tí LUTH àti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó wà, wọn kì í fi àhesọ tọ́jú aláìsàn. Ta ló rí i? Ìgbà wo ló rí i? Kí ni àyẹ̀wò sọ? Irú ìbéèrè yìí ni dókítà kan fi wádìí ọ̀rọ̀ Jésù ará Násárẹ́tì, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún báyìí. Albert Schweitzer ni orúkọ rẹ̀. Òun ló dá ilé-ìwòsàn Lambaréné sílẹ̀ ní Gabon lọ́dún 1913.

Pásítọ̀ ni, ó sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Yunifásítì Strasbourg kó tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Lọ́dún 1909, ará Jámánì kan, Arthur Drews, gbé ìwé jáde pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Jésù rí, àlọ́ ni wọ́n pa. Ariwo ta. Schweitzer kò gbé e ṣépè. Nígbà tó tún ìwé tirẹ̀ lórí ìgbésí ayé Jésù tẹ̀ ní 1913, ó fi orí tuntun kún un láti dá Drews àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn. Ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ jáde. Àwọn kan ti kọ ọ́ pé orí Jésù dàrú. Nínú iṣẹ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀rí tí wọ́n gùn lé kò múná dóko.

Ẹ̀rí wo ló wà nílẹ̀ gan-an? Ti Pọ́ọ̀lù ló wọ̀ mí lára jù. Kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n kan Jésù mọ́gi tó fi kọ̀wé sí àwọn ará Gálátíà pé òun lo ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ Pétérù ní Jerúsálẹ́mù, òun sì rí Jákọ́bù, arákùnrin Olúwa. Kì í ṣe pé ó ń fi wọ́n yangàn o: ó ń jiyàn pé òun kò gba ìyìn rere òun lọ́wọ́ wọn ni. Ẹni tí kò wáyé rí, ibo ni yóò ti rí arákùnrin tí àlejò ń bá sọ̀rọ̀?

Josephus, Júù òpìtàn, dárúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé tó kọ ní nǹkan bí ọdún 93. Ibì kan kún fún ìyìn tí Júù tí kì í ṣe Kristẹni kò lè sọ; ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé adàwékọ Kristẹni ló ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibì kejì kò ní ìyìn kankan: olórí àlùfáà ní kí wọ́n sọ Jákọ́bù lókùúta, òpìtàn náà sì fi Jésù “tí wọ́n ń pè ní Kristi” júwe Jákọ́bù tó ń wí. Ọ̀rọ̀ àfẹnubà bẹ́ẹ̀ ṣòro láti pè ní ayédèrú.

Tacitus ará Róòmù kórìíra àwọn Kristẹni, síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 116 ó kọ ọ́ pé Pílátù ló pa Kristi nígbà ìjọba Tìbéríù. Lọ́dún 1961, wọ́n hú òkúta tí orúkọ Pílátù wà lára rẹ̀ ní Kesaréà.

Àjíǹde kò sí lórí òṣùwọ̀n yìí. Ìgbàgbọ́ ló ni ín. Ṣùgbọ́n pé Jésù gbé ayé, pé Pílátù kàn án mọ́gi, òpìtàn tó jẹ́ Kristẹni àti èyí tí kì í ṣe Kristẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bi yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ ṣí Gálátíà orí kìíní fún un.